Ìbéèrè Yín: Àwọn purotéènì tó ń gbé ara ẹ̀kán ọ̀rá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé inú ẹ̀kán kéékèèké ni sẹ́ẹ̀lì ń tọ́jú ọ̀rá sí, pé purotéènì ló bo ẹ̀kán náà. Báwo ni purotéènì ṣe ń débẹ̀? Báwo ló ṣe ń kúrò? (Akẹ́kọ̀ọ́, Gwagwalada)

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo awọ ẹ̀kán náà. Ìpele phospholipid (ọ̀rá tí orí rẹ̀ fẹ́ omi, tí ìrù rẹ̀ kò fẹ́ omi) méjì ló wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì. Ti ẹ̀kán ọ̀rá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, torí ọ̀rá ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe omi. Purotéènì tó máa ń gba inú awọ já sí òdìkejì kò lè gbé ibẹ̀ rárá.

Àwọn kan ń wá láti endoplasmic reticulum (àwọn awọ inú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá), níbi tí ẹ̀kán náà ti ń yọ jáde. GPAT4 àti DGAT2, àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe ọ̀rá, wà lára wọn. Wọ́n ń wọnú awọ, wọ́n á ṣẹ́rí padà bí ìkọ́, wọ́n á sì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè gba ojú ìsopọ̀ tó so endoplasmic reticulum mọ́ ẹ̀kán bọ́ sára ẹ̀kán. Purotéènì tó ń jẹ́ seipin ló ń ṣọ́ ojú ìsopọ̀ yìí. Ọmọ tí seipin rẹ̀ bá bàjẹ́ láti inú oyún kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọ̀rá lábẹ́ awọ. Inú ẹ̀dọ̀ ni ọ̀rá rẹ̀ ń lọ kóra jọ sí.

Àwọn yòókù, bíi PLIN2 (tó ń bo ẹ̀kán) àti CCT (ẹ́ńsáìmù tó ń ṣèrànwọ́ láti ṣe phospholipid), ń wá tààrà láti inú omi sẹ́ẹ̀lì. Apá kan lára wọn ní ẹ̀gbẹ́ tó fẹ́ omi àti ẹ̀gbẹ́ tó fẹ́ ọ̀rá. Ibi tí phospholipid ò bá ti fún pọ̀ ni wọ́n ń rọra ki ara bọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kúrò ni ìwé kíláàsì máa ń fò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń ná ọ̀rá, ẹ̀kán á máa kéré, àyè á sì dín kù. Ẹni tí kò di nǹkan mú dáadáa ló ń kọ́kọ́ já bọ́: CCT á ṣí kúrò, GPAT4 á dúró. PLIN2 tí kò bá rí ẹ̀kán dì mọ́, wọn á lẹ ubiquitin, àmì pé kí a run ún, mọ́ ọn lára, proteasome, ẹ̀rọ tó ń gé purotéènì nínú sẹ́ẹ̀lì, á sì gé e wẹ́wẹ́. Nígbà ààwẹ̀, purotéènì tó ń jẹ́ Hsc70 tún máa ń mú PLIN2 kúrò lórí ẹ̀kán lọ sí lysosome, àpò tí sẹ́ẹ̀lì ti ń tú nǹkan ká. Ìgbà náà ni ATGL, ẹ́ńsáìmù tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rá, á tó ráyè.

Ìbéèrè: Síkáànù fi hàn pé ọ̀rá wà lẹ́dọ̀ mi, mi ò sì mutí. Ṣé ó kàn mí? (Ìyá Tósìn, Kubwa)

Ìdáhùn: Ó lè kàn yín, mà. Ní 2008 ni wọ́n rí i pé ìyípadà kan tó ń jẹ́ I148M nínú PNPLA3, purotéènì kan tó ń gbé ara ẹ̀kán ọ̀rá, ń mú kí ọ̀rá pọ̀ lẹ́dọ̀. Ubiquitin kì í lẹ̀ mọ́ PNPLA3 tó yí padà yìí bó ṣe yẹ, ó ń pọ̀ sí i lára ẹ̀kán, á sì gba CGI-58, olùrànlọ́wọ́ ATGL, mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sọ́rùn ìran. Sísanra àti ìtọ̀ ṣúgà ló wọ́pọ̀ jù. Ẹni tó bá wọn kílò 90, tó bá rọra fi 4.5 sílẹ̀, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sábà máa ń dín kù. Ẹ yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ àti hepatitis B wò pẹ̀lú.

Ìbéèrè: PLIN2 mi tú káàkiri sẹ́ẹ̀lì lábẹ́ maikirosíkóòpù, kò yí ẹ̀kán ká. (Zaria)

Ìdáhùn: Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Triton X-100 tàbí methanol lẹ fi ṣí awọ sẹ́ẹ̀lì. Méjèèjì ń ba ẹ̀kán jẹ́. Ẹ fún sẹ́ẹ̀lì ní oleate (ásíìdì ọ̀rá) tí a so mọ́ albumin (purotéènì inú ẹ̀jẹ̀), 200 µM, di ọjọ́ kejì. Ẹ fi paraformaldehyde 4% mú un dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá lo saponin 0.1%. Saponin gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo omi antibody, torí ihò tó ń dá sára awọ máa ń padà dí bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ fi BODIPY 493/503, àwọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá tó sì ń tàn bí ewé, kùn ún, ẹ má lo antibody tó ń tan àwọ̀ ewé, torí ìmọ́lẹ̀ wọn á dàpọ̀.