Ìdána àbúrò rẹ ló yẹ kó o kọ́kọ́ sọ fún mi

Apá-Tín-ín-rín, Ilé-Ifẹ̀: orúkọ tó o fi buwọ́ lu lẹ́tà rẹ nìyẹn. Lẹ́tà náà gùn. O kọ ìwọ̀n apá rẹ síbẹ̀, ìwọ̀n àyà, ìwọ̀n itan, iye ẹyin tí ò ń jẹ láàárọ̀, iye kílò tí ò ń gbé. O ní ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ kan lẹ jọ bẹ̀rẹ̀ jíìmù ní Lágere, pé apá tiẹ̀ ti di ínṣì 18, tìrẹ ò kúrò ní 16, ojú wá ń tì ọ́ láti dúró tì í níwájú dígí. Kóòṣì yín ní òun á máa gún ọ lábẹ́rẹ́ kan tó máa mú apá náà wú kíákíá. O ní kí n sọ bóyá kó o gbà á, àbí kó o ṣì mú sùúrù.

Àárín gbogbo ìṣirò yìí lo wá ki gbólóhùn kan bọ̀. Mo kà á, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo tún gbé e, mo tún un kà. O ní: “Mi ò tiẹ̀ lè lọ sí ìdána àbúrò mi obìnrin ní Iléṣà lóṣù tó kọjá, torí nígbà tí mo wọ aṣọ ẹbí tí wọ́n rán fún mi, ọwọ́ aṣọ náà gbé mi mì, mo wá kéré nínú ẹ̀, mo sọ fún mọ́mì pé ibà ló ń ṣe mí.” Bó o ṣe sọ ọ́ tán lo padà sórí ọ̀rọ̀ ẹyin.

Àbúrò rẹ kan ṣoṣo. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ sókè lẹ́tà pé ẹ̀yin méjì péré ni màmá yín bí, pé bàbá yín ti dolóògbé, pé ìwọ ni àkọ́bí.

Ta ló wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yín lọ́jọ́ yẹn?

O mọ bí ètò yẹn ṣe ń lọ, mi ò ní kọ́ ọ. Alága ìdúró á kó ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, alága ìjókòó á ní òun ò rí wọn, kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n á ka lẹ́tà. Wọ́n á wá mú ìyàwó wọlé, á kúnlẹ̀ síwájú àwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí, kí wọ́n wúre fún un. Ibẹ̀ ni ojú ọmọ tí kò ní bàbá mọ́ ti máa ń wá nǹkan kiri. Mo ti jókòó níbi ìdána tó pọ̀, mo ti rí i. Á wo àbúrò bàbá tó dúró nípò bàbá, á wo ìyá, á wá máa wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó fẹ́ fi téèpù wọn ọwọ́ tí wọ́n ń gbé lé ìyàwó lórí.

Kì í sì í ṣe ọ̀nà tó jìn ló dá ọ dúró. Ifẹ̀ sí Iléṣà ò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ. Àwọn kan ń sùn ní Iléṣà, wọ́n ń jí lọ ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀, wọ́n ń padà nírọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni o tún purọ́ ibà. Ìyá tó ń dá ìdána ọmọ ṣe láìsí ọkọ, o wá fi àìsàn àkọ́bí rẹ̀ lé e lórí. Ó ń gba àlejò, ó ń wo fóònù bóyá o ti dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín fáwọn àna, ọkàn rẹ̀ wà ní Ifẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Inú bí mi sí ọ níbí yìí. Màá sì jẹ́ kó o mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ inú tó bí mi ò ní kí n má rí i pé nǹkan ń ṣe ọ́. Jẹ́ ká mú 16 yẹn. Lọ bá télọ̀ èyíkéyìí lágbègbè ọjà Àtàkúnmọ́sà ní Iléṣà, bi í pé ínṣì mélòó ni ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tó ti dàgbà. Á ní 15, á ní 16, tí ọ̀gbẹ́ni náà bá sanra díẹ̀, á ní 17. Apá rẹ ki tó ọrùn ọkùnrin odidi, ìwọ wá ń pe ara rẹ ní Apá-Tín-ín-rín. Aṣọ ẹbí yẹn, ẹni tó rán an ló rán an fẹ̀. Ìlà méjì ni wọ́n á fi ẹ̀rọ gbà sí i, ọwọ́ aṣọ á wọlé. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tó o dúró níwájú dígí lọ́jọ́ yẹn, o ò rí aṣọ tó fẹ̀. Ọkùnrin kékeré kan lo rí.

Ohun tí mo fẹ́ kó o fojú sí nìyẹn. Ìwọ kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó rí irú ọkùnrin kékeré yẹn. Lọ́dún 1993, dókítà kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Harrison Pope àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọkùnrin 108 tó ń gbé irin. Wọ́n bá àwọn kan nínú wọn tó taagun, tí iṣan kún ara wọn bámú, tí wọ́n ṣì gbà tọkàntọkàn pé àwọn kéré, pé àwọn ò lágbára. Wọ́n ń kọ̀ láti lọ síbi tí wọ́n bá pè wọ́n sí. Wọn ò jẹ́ yọjú sétí òkun. Oòrùn ń mú, aṣọ tó nípọn ni wọ́n ń wọ̀ kẹ́nikẹ́ni má baà rí ara wọn. Nígbà tí mo ka ibi tó o ti sọ pé aṣọ òtútù alápá gígùn lò ń wọ̀ lọ sí jíìmù, pé o kì í bọ́ ọ títí wàá fi ṣe tán, kò ṣòro fún mi láti mọ̀. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní muscle dysmorphia. Láti ọdún 2013 ni ìwé táwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń mọ àìsàn ti kà á mọ́ àwọn àìsàn tó ń mú kéèyàn máa rí àbùkù lára rẹ̀ níbi tí kò sí. Èmi ò lè sọ pé òun ló ń ṣe ọ́, dókítà ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó sá fún ìdána àbúrò rẹ̀ nítorí ọwọ́ aṣọ, kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló kàn.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fáwọn ìyá tó ń kà mí. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ló ń kọ irú lẹ́tà yìí sí mi, lórí ìpara tí ń bó àwọ̀, lórí ìdí, lórí ikùn. Ní báyìí, àwọn ọmọkùnrin ti pọ̀ níbẹ̀, ẹ ò sì rí wọn. Tí ọmọbìnrin bá kọ oúnjẹ, gbogbo ilé á pariwo. Tí ọmọkùnrin yín, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, bá ní òun ò jẹ iyán mọ́, tó ń wọn ìrẹsì lórí òṣùwọ̀n kó tó sè é, tí kò lè bá yín jókòó jẹun níbi ayẹyẹ kankan nítorí pé ìwọ̀n rẹ̀ máa yẹ̀, ẹ óò ní ó ń tọ́jú ara. Ẹ óò tún fi àwòrán rẹ̀ han ará àdúgbò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi í léèrè ìgbà tó jẹun kẹ́yìn láì wọn nǹkan kan.

Ó yá, ọ̀rẹ́ rẹ tí apá rẹ̀ jẹ́ 18. O ní ẹ jọ bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ ń gbé irin kan náà, kí ló dé tí tiẹ̀ fi tóbi ju tìrẹ? Ìyá kan kọ́ ló bí yín, egungun yín ò rí bákan náà, ibi tí iṣan ti so mọ́ egungun lára rẹ̀ lè yàtọ̀ sí tìrẹ, kò sì sí irin téèyàn lè gbé tó máa sún ibẹ̀ kúrò. Àwòrán rẹ̀ tí ò ń wò lálaalẹ́ lórí Instagram ńkọ́? Béèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irin tán, ẹ̀jẹ̀ á ti rọ́ kún iṣan, ara á wú. Tó bá sinmi, á tún sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń gbé irin ló mọ̀ pé ìgbà tí ara bá wú yẹn làá ya fọ́tò, níbi tí iná bá ti ń tàn wá látòkè. Tìrẹ, òwúrọ̀ lo máa ń wò ó, o ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, nínú dígí ilé ìwẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń fi ìgbà tí ara rẹ̀ dáa jù wé ìgbà tí tìrẹ rọ̀ jù, o sì pè é ní ìdíje.

Àwọn ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà gan-an, tí wọ́n ń gorí ìtàgé nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n ń fa omi kúrò lára wọn kí iṣan lè yọ síta lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn. Ọ̀kan nínú wọn, Mohammed Benaziza, borí ìdíje kan ní Netherlands lọ́dún 1992, kò sì pẹ́ rárá lẹ́yìn rẹ̀ tó fi kú. Omi tí kò sí lára rẹ̀ mọ́ ni wọ́n ní ó pa á. Fọ́tò irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló kún fóònù rẹ.

Ifẹ̀ lo sì ń gbé! Lọ́dún 1957, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé ní Ìta Yemòó, wọ́n hú ère idẹ Ọọ̀ni kan jáde, ère odindi èèyàn, orí dé ẹsẹ̀. Orí rẹ̀ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin gíga rẹ̀. Ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀, apá rẹ̀ rí roboto, ìlẹ̀kẹ̀ bò ó láyà, kò sí iṣan kan tó le kókó níbì kankan. Àwọn tó rọ ère yẹn kì í ṣe aláìmọ̀ọ́ṣe. Àwọn ló rọ àwọn orí idẹ tó dà bíi pé wọ́n fẹ́ mí, tí gbogbo ayé ń yìn títí dòní. Ọba ni wọ́n ń rọ, bí wọ́n sì ṣe rí ọba tó pé nìyẹn. Lọ wo àwọn iṣẹ́ wọn ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nítòsí ààfin. Má mú fóònù dání.

Mi ò bá irin gbígbé jà o. Ó dáa fún egungun, ó dáa fún oorun, ó dáa fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní ibi tó máa lo agbára sí. Tó o bá lè gbé e, kó o ṣe tán, kó o wẹ̀, kó o lọ jẹ iyán ní ilé ìyá rẹ, mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ.

Ní ti abẹ́rẹ́, rárá. Kóòṣì kì í ṣe dókítà, ìwọ ò sì mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn, òun náà lè má mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ ohun tí mo rò pé ó jẹ́, omi ara tó ń sọ ọkùnrin di ọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní testosterone, tàbí ohun tó jọ ọ́, ni wọ́n ń tì sínú rẹ látìta. Bí ara bá ti rí i pé ó ń wá látìta, kò ní ṣe tiẹ̀ mọ́. Kórópọ̀n á sún kì, àtọ̀ tó ń di ọmọ á dínkù, nígbà míì kò ní sí rárá, ó sì lè gbà tó oṣù púpọ̀ lẹ́yìn téèyàn bá jáwọ́ kó tó padà. Ọmú lè yọ láyà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ níbẹ̀, ọkàn tó ń nípọn ń bẹ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gbé mì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ká tiẹ̀ ní kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan, tí apá rẹ di 18, wàá rí ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ 20 kí oṣù tó parí, wàá tún sá fún ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò rẹ.

Ilé ìwòsàn OAUTHC ń bẹ ní Ifẹ̀ níbẹ̀, Wesley Guild tó jẹ́ apá kan rẹ̀ sì ń bẹ ní Iléṣà. Lọ, kó o ní o fẹ́ rí dókítà tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ọpọlọ àti ọkàn. Má jẹ́ kí orúkọ yẹn lé ọ sá. Ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ìtọ́jú irú nǹkan yìí, nígbà míì wọ́n á fi oògùn kún un. Tó o bá débẹ̀, má bẹ̀rẹ̀ látorí ínṣì àti ẹyin. Ti ìdána ni kó o kọ́kọ́ sọ.

Kó o tó lọ sí ilé ìwòsàn, pe màmá rẹ lónìí, kó o sọ fún un pé kò sí ibà kankan. Ó lè sunkún, ó lè bú ọ, gbà á bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ sí ilé àbúrò rẹ. Wọ aṣọ ẹbí yẹn lọ, bó o bá fẹ́ kó o gbé e fún télọ̀ ṣáájú. Dé ibẹ̀, bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí àna, gbọ́wọ́ lé àbúrò rẹ lórí, kó o wúre tí o kò wú lóṣù tó kọjá. Tó bá bínú, jẹ́ kó bínú dáadáa. Má ṣe dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu láti ṣàlàyé jíìmù fún un. Jókòó títí tó fi máa sọ tẹnu rẹ̀ tán, tó bá sì gbé oúnjẹ wá, jẹ ẹ́.