Ṣọ́kàwéè Tàbí Páìpù Ìdọ̀tí Ìlú: Èwo Ni Yóò Gba Owó Jù Lọ́wọ́ Onílé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń kọ́lé sí Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Houston ní páìpù ìlú ló ń gbé ìdọ̀tí ilé àwọn lọ, oṣooṣù ni òun sì ń san owó rẹ̀ mọ́ owó omi. Ó ní kí n má náwó rẹpẹtẹ sórí ṣọ́kàwéè, pé ìjọba yóò ri páìpù náà bó pẹ́ bó yá. Ṣé kí n dúró? — Bàbá Onílé

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ má dúró. Àkúrẹ́ kò ní páìpù ìdọ̀tí tó yí ìlú ká. Láti Ọjà-Ọba títí dé àwọn ẹ̀sítéètì ìta ìlú, ṣọ́kàwéè àti ṣáláńgá ni à ń lò. Ẹ bá wa sọ fún ọmọ yín pẹ̀lú pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ilé Amẹ́ríkà ni kò sí lórí páìpù ìlú.

Owó páìpù kì í tán. Láàárín ọdún 20, ìgbà 240 ni ọmọ yín yóò san án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí páìpù bá bẹ́ lójú títì, ìlú ni yóò tún un ṣe. Ní ti ṣọ́kàwéè, ìbẹ̀rẹ̀ ni ìnáwó ti pọ̀. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ tó ń fa ìdọ̀tí yóò máa wá lẹ́yìn ọdún 3 sí 5, ìyẹn bí ìgbà mẹ́rin sí mẹ́fà láàárín ọdún 20 kan náà.

Ohun tó ń sọ ṣọ́kàwéè di ọ̀wọ́n ni kí tánkì rẹ̀, ìyẹn kòtò àkọ́kọ́ tí ìdọ̀tí ń wọ̀, kéré ju iye ènìyàn inú ilé lọ, tàbí kí a má fà á títí yóò fi kún. Inú tánkì ni ìgbẹ́ ti ń rọ̀ sílẹ̀, tí ọ̀rá sì ń léfòó, kí omi nìkan lè ṣàn sínú kòtò kejì tí ilẹ̀ yóò ti fà á mu. Bí ìgbẹ́ bá bá omi kọjá, yóò dí ojú ilẹ̀ pa, kòtò tuntun ni ẹ ó sì gbẹ́. Àpáta sún mọ́ òkè ní ọ̀pọ̀ ibi ní Àkúrẹ́, nítorí náà ẹ gbẹ́ ihò kékeré ní àkókò òjò, ẹ da omi sí i, kí ẹ wo bí ó ṣe ń fà kí bíríkìlà tó bẹ̀rẹ̀.

Ìnáwó tí onílé kì í kà mọ́ ọn ni ti kànga. Mítà 30 ni àwọn wolé-wolé máa ń fẹ́ kó wà láàárín kànga àti ṣọ́kàwéè, bẹ́ẹ̀ púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 kò gùn ju bíi mítà 36 lọ. Ẹ fi ọ̀kan síwájú, èkejì sẹ́yìn, kànga níbi tí ilẹ̀ ti ga, kí ẹ sì kọ́kọ́ wo ibi tí kànga àti ṣọ́kàwéè aládùúgbò wà. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ tó ń fa ìdọ̀tí pẹ̀lú. Mo mọ ilé kan tí wọ́n ní láti wó fẹ́ǹsì kí ọwọ́ rọ́bà rẹ̀ tó dé ìdí tánkì.