Ṣé èpè ni màmá yẹn ṣẹ́ fún mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní ìlú Leeds ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kìíní, mo fẹ́ sáré jáde lọ da ilẹ̀ nù láìwọ kóòtù, ni màmá kan tí mò ń tọ́jú bá pariwo mọ́ mi pé, "You'll catch your death!" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi ṣíwọ́. Nígbà tí ooru dé, màmá yìí kan náà tún ní òun ti "caught the sun". Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ni pé kéèyàn fọwọ́ mú nǹkan ni "catch". Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ti ọwọ́ àti èyí tí kì í ṣe ti ọwọ́?

ÌDÁHÙN: Màmá ò ṣépè o. Ẹ tètè lọ bá a tún ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ti gé ìrù gbólóhùn yẹn ni, bó ṣe gùn tó gan-an nìyí: "You'll catch your death of cold." Ká ní ìyá yín nílé ló rí yín nínú òtútù yẹn, kí ni ì bá sọ? "Òtútù á pa ọ́ o, lọ wọṣọ!" Pípa wà nínú tiwa náà, kò sì sẹ́ni tó ń torí ẹ̀ bínú. Ìfẹ́ ló mú màmá pariwo.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀ náà. Inú èdè Faransé àwọn ará Normandy, àwọn tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066, ni "catch" ti wá. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti "chase", lílé ẹran sì ni ìtumọ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá ló kúrò lórí lílé bọ́ sórí mímú. Nítorí náà, bí ẹ bá ti gbọ́ "catch", ẹ fojú inú wo nǹkan kan tó ń sá lọ tàbí tó ń fò bọ̀, tí nǹkan mìíràn wá dá a dúró. Ológbò mú eku, àwọ̀n kó ẹja, ọmọdé hán bọ́ọ̀lù: ti ọwọ́ gan-an nìyẹn, kò ṣòroó mọ̀.

Ibi tí ọwọ́ kò ti sí ni Yorùbá ti pín iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tó "catch" bọ́ọ̀sì, ó bá ọkọ̀ kó tó gbéra ni. Ẹni tí wọ́n "catch" níbi tó ti ń jalè, wọ́n ká a mọ́bẹ̀ ni. Bí ọlọ́pàá bá "catch" ẹni tó ti sá lọ, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Aṣọ tó "catch" lára ìṣó, ó kọ́ ìṣó ni. Ẹni tó bá ní "I didn't catch that" ń sọ pé ọ̀rọ̀ yín fò kọjá létí òun. Ẹ mú èyí lò dáadáa, nítorí ó níwà ju "What?" lọ fíìfíì. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé "catch" ni kẹ́ ẹ máa wò. Ta ló lè fọwọ́ mú oòrùn? Ohun tí màmá ń sọ ni pé oòrùn ti pa òun lára díẹ̀. Ká ní ẹ wo imú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, á ti pọ́n bíi tàtàṣé.

Ọ̀rọ̀ àìsàn ló máa ń da àwa Yorùbá láàmú jù. Lọ́dọ̀ wa, àìsàn ni ọdẹ, èèyàn ni ẹran: ibà mú mi, ọ̀fìnkìn mú mi. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn ló ń mú àìsàn, bí ìgbà táwa náà bá ní ẹnì kan kó àrùn. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa pé "Cold is catching me." Ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé tẹ́ ẹ fi ń gbéṣẹ́ lé ara yín lọ́wọ́ o! Bí òtútù bá ń mú bàbá kan, ẹ kọ "He feels cold", kí wọ́n lè fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Bí ẹ bá kọ "He has caught a cold", ọ̀fìnkìn ni nọ́ọ̀sì máa wá lọ. Bí ẹbí aláìsàn bá sì béèrè pé "Is it catching?", ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá àìsàn náà ń ràn.

("Catch cruise" táwọn ọ̀dọ́ wa ń sọ, ìyẹn kéèyàn máa ṣeré kó sì máa gbádùn ara ẹ̀, dùn létí tèmi náà, àmọ́ Nàìjíríà la ti ń sọ ọ́. Bí ẹ bá sọ ọ́ fún màmá yẹn, ọkọ̀ ojú omi ló máa rò.)

Ó ku ẹyọ kan tí mo mọ̀ pé ẹ máa bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ yín. Bí àgbàlagbà kan bá rọra sọ fún yín pé, "I've been caught short, dear," ẹ má rò pé owó ló tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ló ń gbọ̀n ọ́n, ojú sì ń tì í láti pariwo. Ẹ sáré mú un lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀.