Ilẹ̀ wà nídìí ọ̀nà tí kò já: ká rà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ ra ilẹ̀ ní ẹ̀sìtéètì kan lọ́nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Géètì kan péré ló ní, ẹnu ilẹ̀ náà sì ni títì parí sí. Ẹ́jẹ́ǹtì ní ariwo kò ní dé ibẹ̀. Ìyàwó mi ní ọ̀nà tí kò já kò dáa. Ta ni ká gbọ́?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ẹ́jẹ́ǹtì sọ, mọ́tò àlejò kò ní gba iwájú ilé yín kọjá. Ìyàwó yín ló rí ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀.

Ẹ wo Èbúté-Mẹ́ta. Nígbà tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì Ẹ̀gbá sá kúrò l'Ábẹ́òkúta ní 1867, Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, tí ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà, fún wọn nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì la títì tó tọ́, tó ń dábùú ara wọn. Bí kòtò bá dí ọ̀kan lónìí, awakọ̀ á yà sí ìkejì. Lápá Lẹ́kí, ìdílé kan ta oko tirẹ̀, èkejì ta tirẹ̀. Ẹni tó rà á mọ odi yí i ká nítorí olè (n kò bá a jiyàn), ó la títì bó ṣe wù ú, kò bi aládùúgbò pé níbo ni tirẹ̀ parí sí. Ọ̀sà wà lápá kan, òkun lápá kejì, gbogbo wọn wá ń da mọ́tò sójú títì ńlá kan náà. Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọjà. Níbẹ̀, ọ̀nà kan náà la fi ń lọ ra búrẹ́dì. Afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí tí wọ́n ṣí ní 2013 ran ẹni tó ń lọ sí Ìkòyí lọ́wọ́, kò so ẹ̀sìtéètì kan mọ́ ìkejì.

Ilé ṣeé wó tún kọ́. Títì kì í kúrò lójú kan bọ̀rọ̀.

Torí náà, ẹ gba àwòrán ẹ̀sìtéètì náà. Ẹ ka gbogbo oríta àti ibi tí títì ti kú. Ẹ ka abala títì tó wà láàárín wọn, kí ẹ fi iye àkọ́kọ́ pín in. Àwa onímọ̀ ètò ìlú máa ń fẹ́ kó tó 1.4: oríta 20, abala 28. Bó bá rọ̀ mọ́ 1, bí ẹ̀ka igi ló rí, ìdí kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń gbà jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí. Bí ẹ bá ń rí òrùlé rẹ̀ lókè odi, síbẹ̀ tó jẹ́ títì ńlá lẹ máa gbà débẹ̀, ẹ ní kí olùtà fi ilẹ̀kùn ẹlẹ́sẹ̀ sára odi, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Bó bá kọ̀, ẹ wá ilẹ̀ síbòmíràn.