Orúkọ igi òrùlé tí káfíńtà yín kọ ránṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó ilé o. Ẹ ní káfíńtà tó ń bá yín ṣe ilé Ọ̀bà-Ilé ti kọ ohun tí ẹ máa rà ránṣẹ́ sí yín ní Kánádà: wọ́ọ̀pùléètì, kíńpóòsì, pọ́línì, fálè, ẹ ò sì mọ èwo ni igi, èwo ni páànù. Ẹ má tíì sanwó kankan títí ẹ ó fi ka èyí tán.

Wọ́ọ̀pùléètì ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Igi tí wọ́n ń tẹ́ sórí ògiri yípo ni, òun ni gbogbo igi yòókù jókòó lé. Irin tàbí wáyà tí bíríkìlà ti rì mọ́ kọnkéré orí ògiri ni wọ́n fi ń dè é mọ́lẹ̀. Ojú mi rí i. Àkọ́rọ̀ òjò kan bá ìjì dé, ó ṣí igun òrùlé ilé ìyá mi ní Ìjọ̀kà. Nígbà tí mo gun òkè, mo fi ọwọ́ kan ti wọ́ọ̀pùléètì, ó sún bíi bẹ́ǹṣì. Kò sí wáyà kankan, ìṣó mẹ́ta péré ni wọ́n kàn mọ́ búlọ́ọ̀kù. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣe é ti gbowó wáyà o!

Táì-bíìmù ló dùbúlẹ̀ láti ògiri kan dé èkejì, 2×6 (íǹṣì ni wọ́n fi ń wọn igi) ló dáa. Kíńpóòsì dúró láàárín rẹ̀ bí òpó, ó gbé orí òrùlé ró. Ráfítà ni 2×4 tó dà gẹ̀rẹ́ láti ṣóńṣó wá sí ògiri. Orí ráfítà ni wọ́n ń kan pọ́línì sí, 2×2 tàbí 2×3, òun ni páànù máa kàn mọ́. Ìdí pọ́línì yìí ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ jù. Dípò kí àlàfo wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3, wọ́n á fi 4 tàbí 5 sí i, igi tó bá ṣẹ́kù á di ti ilé ẹlòmíràn. Ẹ ní kí káfíńtà na téèpù sí i nínú fídíò, kí ẹ rí nọ́ńbà rẹ̀ kedere, kì í ṣe kó kàn máa gbé fóònù yí ká.

Sọ́mìlì ò wọ́n l'Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n arère tó fúyẹ́, tówó rẹ̀ ò sì ga, kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Bó bá jẹ́ òun lẹ máa rà, kí wọ́n fi Solignum, oògùn tó ń lé kòkòrò kúrò lára igi, kùn ún kí wọ́n tó kàn án, kí wọ́n sì tún kun gbogbo ojú ibi tí wọ́n bá gé. Ojú funfun tí ayùn ṣẹ̀ṣẹ̀ gé yẹn, ẹnu ọ̀nà kòkòrò ni.

Fálè ni kòtò tí apá òrùlé méjì ti pàdé. Omi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń dà síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni ilé ti sábà máa ń jò. Páànù tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ páànù tọ̀tún-tòsì dáadáa. Bí fálè mẹ́fà bá wà nínú plánù yín nítorí oge, ẹ bi ẹni tó yà á bóyá méjì ò lè tó. Páráápẹ́ẹ̀tì, ògiri tó ga yí òrùlé ká tí kì í jẹ́ kí páànù hàn, tí gbogbo ayé ń ṣe báyìí, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ewé ìkúnwọ́ kan ló máa dí gọ́tà rẹ̀, omi á wọ òkè àjà.

Ríìjì kápù ni fìlà tó bo ṣóńṣó. Féṣíà bọ́ọ̀dù ni pátákó tó bo ẹnu igi níta.

Ní ti páànù, ojú ò lè mọ ìyàtọ̀ èyí tó nípọn tó mìlímítà 0.45 sí 0.55 lórí WhatsApp. Kí àbúrò yín mú máíkrómítà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, dání, kó wọn etí rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ san owó igi nìkan báyìí. Owó páànù, ó di ìgbà tí ẹ bá rí fídíò wáyà tí wọ́n fi de wọ́ọ̀pùléètì.