Ogún Apẹja: Ṣé Kí N Tà Á, àbí Kí N Tọ́jú Rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ṣùgbọ́n Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin, bàbá tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe iṣẹ́ ẹja pípa, papò dà lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí wọ́n ń pín ogún, àwọn ọmọ wọn ní kí n máa kó àwọ̀n, ìgèrè, àjẹ̀ àti ọkọ̀ kékeré tí bàbá fi ń ṣiṣẹ́, nítorí pé èmi ni bàbá máa ń mú dání lọ sójú omi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìyàwó mi ní kò sí àyè fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa, pé kí n tà wọ́n. Màmá mi, tó máa ń ta ẹja bàbá ní ọjà Olúwo, ṣì wà láyé, ẹni tí bàbá àti òun jọ ń tu ọkọ̀ náà sì wà. Mo máa ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìgbà tí n óò wá ni wọ́n ń bi mí ṣáá. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àṣẹ̀hìndè bàbá. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má tíì tà á.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mójú tó ni ọ̀rọ̀ ẹbí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ ni í jogún bàbá rẹ̀, yálà ìdí-igi (kí àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan) ni ẹbí fi pín in tàbí orí-ò-jorí (kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀), ọmọ àbúrò olóògbé kì í sì í sí nínú ìpín náà. Ẹ̀bùn ni àwọn ọmọ bàbá fún yín, ẹ̀bùn tó tóbi ni, ó sì yẹ kí olórí ẹbí gbọ́ ọ láti ẹnu wọn níṣojú àwọn àgbà ilé, pàápàá jù lọ nípa ọkọ̀, nítorí pé ó lè jẹ́ pé bàbá nìkan kọ́ ló dá owó rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ ẹrù náà wò. Bí àwọ̀n náà bá jẹ́ ti ọ̀rá, kì í tètè jẹrà bí ti òwú, ṣùgbọ́n oòrùn a máa sọ ọ́ di aláìlágbára. Ẹ di fọ́nrán kan mú ní ojú àwọ̀n, kí ẹ fà á. Bí ó bá já láìjẹ́ pé ẹ fi agbára sí i, àwọ̀n náà ti lo ayé rẹ̀ tán. Èyí tó bá ṣì le, ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbi òjìji, kí ẹ sì fi kọ́ òkè níbi tí eku kò ti ní dé ibẹ̀, nítorí pé òórùn ẹja a máa pè é. Èyí tó ti bàjẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dà á sínú ọ̀sà, torí àwọ̀n tí kò ní olóhun mọ́ ṣì ń mú ẹja, ẹja náà a sì kú síbẹ̀ lásán. Ọkọ̀ ní tirẹ̀ kò fẹ́ oòrùn, kò sì fẹ́ ikán, nítorí náà ẹ gbé e lé orí igi lábẹ́ àtíbàbà.

Ẹ ó rí i báyìí pé Ẹ̀pẹ́ ni ogún yìí yóò wà. Àjẹ̀ nìkan ni mo lè gbà pé kí ẹ gbé wá sí Ìkẹjà, kò sì ní gbà ju ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ, nítorí náà ọkàn ìyàwó yín á balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó máa lọ bá ẹrù tó kù níbẹ̀, ìdí rẹ̀ gan-an sì nìyí tí mo fi ní kí ẹ má tà á. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ wúlò púpọ̀, kí ẹ má dáwọ́ rẹ̀ dúró, àmọ́ ẹ̀yin náà ti sọ ohun tí wọ́n ń béèrè.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì bàbá tí wọ́n jọ ń tu ọkọ̀, tí ẹ ní kí wọ́n sọ ìtàn bàbá fún yín, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní, “Kí ni n óò sọ?” Ẹ kúkú gbé àwọ̀n tó ya lé wọn lẹ́sẹ̀, kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́ yín bí a ṣe ń tún ojú rẹ̀ ṣe. Wọn yóò mú abẹ́rẹ́ àwọ̀n tí a ti yí okùn mọ́ lára, wọn yóò gé etí ibi tó ya títí yóò fi gún régé, wọn yóò wá fi igi pẹlẹbẹ wọn ojú kọ̀ọ̀kan kí ọ̀kan má baà fẹ̀ ju èkejì lọ, wọn yóò sì máa fa kókó rẹ̀ le kí ó má baà yọ̀. Iṣẹ́ yìí kì í yá rárá. Nígbà tí ọwọ́ àgbà bá wà nídìí rẹ̀, ẹnu wọn náà yóò ṣí: ibi tí àwọn ti ń rí ẹja àrọ̀ nígbà òjò, ọjọ́ tí ìjì ká àwọn mọ́ orí ọ̀sà Lékkì, àríyànjiyàn lórí owó tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn àti bí wọ́n ṣe parí rẹ̀. Màmá yín mọ ìhà tí ọkùnrin kò mọ̀, ìyẹn iye tí ẹja ń tà, oníbàárà tí kì í san gbèsè, àti ọmọ tí wọ́n fi owó náà rán nílé ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín wà níbẹ̀, kí àwọn náà mú abẹ́rẹ́ dání. Bí wọ́n bá sì fẹ́ wọ ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí bèbè ni ẹ ń lọ.

Ẹ mú ọjọ́ kan pàtó lóṣooṣù, kí ẹ sì sọ fún àwọn àgbà méjèèjì kí wọ́n lè máa retí yín.

Bí ó bá wá di dandan lẹ́yìnwá ọ̀la pé kí ọkọ̀ lọ, ẹ fi tó àwọn ọmọ bàbá létí, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi lọ ẹnìkejì bàbá tàbí ọmọ rẹ̀ tó bá ń pẹja, kí ẹ má sì gba iye tí ará ìta yóò san lọ́wọ́ wọn.