Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ń falẹ̀: kí la ó kọ́kọ́ pààrọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. HP EliteBook 840 G1 tòkunbọ̀ ni mò ń lò: processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) Core i5, RAM (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ sí) 4GB, hard disk (ibi tí fáìlì ń gbé) 500GB, Windows 10. Bí mo bá tàn án láàárọ̀, màá wẹ̀, màá wọṣọ tán kó tó ṣeé lò. Tí mo bá ṣí Word, Excel àti Chrome pọ̀, ó di kó dákú lọ. Ẹni tí mo gbé e lọ bá ní kí n mówó wá kóun bá mi sọ processor rẹ̀ di i7. Ẹlòmíràn ní RAM nìkan ló kù ú kù. Owó mi ò ká tuntun. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ẹni, olùkọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó processor. Òjé ni wọ́n fi jó processor mọ́ motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú ẹ̀rọ yín jókòó lé, kò sí ihò tí wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹni tó bá máa sọ ọ́ di i7 ní láti pààrọ̀ odindi motherboard. Pẹ̀lú gbogbo ìnáwó yẹn, i7 tí wọ́n ṣe fún irú ẹ̀rọ yìí, core (ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò nínú processor) méjì péré lòun náà ní, bíi ti i5 yín gan-an. Ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yín.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Task Manager á ṣí. Ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Performance sí, kí ẹ máa wo Disk àti Memory. Bí Disk bá dúró sí 100% fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ẹ tan ẹ̀rọ, tí ẹ ò sì tíì ṣí nǹkan kan, hard disk ló ń dí i lọ́wọ́. Bí Memory bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún bí ẹ ṣe ṣí Word àti Chrome, RAM ò tó nìyẹn. Pẹ̀lú bí ẹ ṣe ṣàlàyé, ó dá mi lójú pé ẹ máa rí méjèèjì. Nígbà tí RAM bá kún, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í kó díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀ lọ sórí hard disk, hard disk tó ti ń mí gúlegúle tẹ́lẹ̀ á wá kú pátápátá. Ẹni tó ní RAM ni kò parọ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni.

Bí owó bá tó ọ̀kan ṣoṣo lóṣù yìí, SSD, ohun tí wọ́n ń fi rọ́pò hard disk, ni kí ẹ fi rà. Inú hard disk, àwo kan ló ń yí níbẹ̀ ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, apá tínńrín kan á sì máa sáré kiri lórí rẹ̀ láti wá nǹkan tí ẹ bèèrè. Bó bá jẹ́ fáìlì ńlá kan ló ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń gbìyànjú, ó lè gbé bí 100MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Windows bá ń jí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké tó fọ́n káàkiri ló ń wá, gbogbo ìgbà tí apá yẹn bá sì ṣí kúrò níbì kan lọ síbòmíràn ni àsìkò ń lọ. SSD ò ní àwo, kò ní apá. Ó ń gbé bí 500MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú irú ẹ̀rọ yín, àmọ́ ibi tó ti ń gbayì jù ni pé wíwá fáìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á lásìkò. Bí ẹ bá sì ń gbé láptọ́ọ̀pù lórí ọ̀kadà lójoojúmọ́, kò sí apá tó máa ha àwo.

SATA 2.5 inch tó nípọn 7mm ni kí ẹ béèrè. Bí wọ́n bá mú èyí tó rí pẹlẹbẹ gígùn tí wọ́n ń pè ní NVMe wá, ẹ dá a padà, kì í ṣe ti ẹ̀rọ yín. 240GB tàbí 256GB tó fún iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú o, pàápàá èyí tí wọ́n kọ 2TB sí lára tí owó rẹ̀ kò tó ti 256GB gidi. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi CrystalDiskInfo, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ disk wò, hàn yín kí ẹ tó sanwó: á sọ iye wákàtí tí wọ́n ti lò ó àti bí ara rẹ̀ ṣe le sí. Ẹni tó bá kọ̀ láti fi hàn yín, ẹ kúrò níwájú rẹ̀.

Ti RAM kò le. Nínú Task Manager yẹn náà, lábẹ́ Memory, ẹ wo “Slots used”. Bó bá jẹ́ 1 of 2, 4GB kan ni kí ẹ fi kún un, ó di 8GB, ó sì tó. Ẹ̀rọ náà lè gbà tó 16GB, ṣùgbọ́n ìyẹn di ti àwọn tó ń ṣe fídíò. Irú RAM tí wọ́n ń pè ní DDR3L ni o, pẹ̀lú lẹ́tà L yẹn, tó ń lo iná 1.35V. DDR3 tí kò ní L máa wọ inú ihò náà dáadáa, ṣùgbọ́n 1.5V ni tiẹ̀, ẹ̀rọ yín lè má tàn rárá. DDR4 ò tiẹ̀ ní wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni tó tú u, ẹ kó èsì àwọn ọmọ àti ìwé yín síbòmíràn, ẹ sì ṣí i wò níbẹ̀ kó dá yín lójú pé ó pé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Windows sórí SSD láti ìbẹ̀rẹ̀ dípò kí wọ́n da gbogbo inú hard disk kọ sí i, torí àìsàn àtijọ́ á bá a lọ. Àṣẹ láti lo Windows (license) so mọ́ motherboard, pípààrọ̀ disk kì í gbà á kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba owó míì lórí ìyẹn. Bí wọ́n bá ti ṣí ìdí rẹ̀, kí wọ́n gbá eruku inú fáànù náà. Kí wọ́n wo bátìrì pẹ̀lú: bó bá ti wú, ẹ má lò ó mọ́ títí tí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun kan wà tí SSD àti RAM kò lè yanjú. Ní 14 oṣù Kẹwàá, 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Windows 11 sì ń béèrè processor Intel ìran kẹjọ sókè, ìran kẹrin ni tiyín. Ẹ lè forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ètò tí Microsoft ṣe kí àtúnṣe ààbò lè máa wọlé síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tán. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún irú ẹ̀rọ yín ni Linux Mint, tí ẹ lè fi rọ́pò Windows. Ọ̀fẹ́ ni, LibreOffice wà nínú rẹ̀ tó ń ṣí Word àti Excel. Ẹ lè tàn án láti orí flash láìpa nǹkan kan rẹ́. Ẹ gbé fáìlì Excel tí ẹ fi ń ṣírò èsì síbẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá gbogbo ìṣirò rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, pàápàá bí macro (àṣẹ tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nínú Excel) bá wà nínú rẹ̀, kí ẹ tó pinnu èyí tí wọ́n máa fi sórí SSD náà.